Adènà Ìpolówó Wo Ló Yẹ Kọ̀ǹpútà Ilé Yín?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú sáà tó kọjá, mo wà nínú yàrá mi ní Agbowó, mò ń bá iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi jà, nígbà tí bàbá mi pè mí láti ilé wa ní Challenge.

"Kọ̀ǹpútà yìí ń pariwo o. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní kòkòrò ti wọ inú òun, pé kí n má pa òun, kí n pe nọ́ńbà kan."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàámi, ẹ má pe nọ́ńbà kankan. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára iná."

"Mo ti yọ ọ́ tipẹ́. Kò dákẹ́."

Bátìrì ni mo gbàgbé. Mo ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan án, kí wọ́n dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn. Ó dákẹ́.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ kejì ni mo tó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi tó ń múra ìdánwò JAMB ló ń wá ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá. Ojúewé tó ṣí ní bọ́tìnnì mẹ́ta tí wọ́n kọ "Download" sí lára. Èyí tó kéré jù, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ni ti ìwé tó ń wá. Àwọn méjì aláwọ̀ ewé tó tóbi, ìpolówó ni wọ́n. Ó tẹ èyí tó tóbi jù, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ìkìlọ̀ èké ti ń yọ ní igun ojú kọ̀ǹpútà, títí ó fi kan bàbá mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, orí kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n sì ti máa ń wò ó bóyá owó ìfẹ̀yìntì ti wọ báńkì. Ká ní wọ́n pe nọ́ńbà náà ni, ẹni tó máa gbé e ì bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ inú ẹ̀rọ náà láti òkèèrè wá tún un ṣe. Bí àwọn oníjìbìtì yẹn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mi ò fẹ́ rò ó síwájú ju ibẹ̀ lọ.

Mo fọ kọ̀ǹpútà náà mọ́, mo wá ní kí n fi ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ad blocker sí i. Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí, torí pé bí mo ṣe kọ orúkọ rẹ̀ síbi ìwákiri, bí ogún ló tò síwájú mi, gbogbo wọn ló ní ààmì pupa, gbogbo wọn ló ní àwọn ni ojúlówó. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ní ẹ̀ka yìí làwọn ará ilé ń pè tí ẹ̀rọ bá ti dá wàhálà sílẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé fonọ́lọ́jì la wá kọ́.

Adènà ìpolówó ni mo máa pè é. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju ìyẹn lọ, kó fi ránṣẹ́ sí olóòtú wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bá a mu. Adènà lẹni tó jókòó sẹ́nu géètì, tó ń bi àlejò léèrè ẹni tó ń wá. Olè tó lúgọ sínú igbó de arìnrìn-àjò, òun náà, ó dènà dè é ni. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni. Ohun tó wà nídìí yíyan adènà ìpolówó kò ju kí ẹ mọ èwo nínú àwọn méjèèjì lẹ gbà síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìpolówó ṣe ń dé ojú kọ̀ǹpútà yín. Tí ẹ bá ṣí ojúewé kan, ẹ ó rò pé ìkànnì kan ṣoṣo lẹ bá sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkànnì náà kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá, ó sì tún ní kí búráúsà yín lọ kan ilẹ̀kùn àwọn mìíràn: ẹni tó ń ta àyè ìpolówó, ẹni tó ń rà á, ẹni tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n wò ó, ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Tí ẹ bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ "Network" sí, kí ẹ wá ṣí ìkànnì ìròyìn èyíkéyìí. Ẹ ó rí orúkọ tí ẹ ò gbọ́ rí tó ń tò wọlé bí èrò ọkọ̀. Gbogbo wọn ló ń jẹ dátà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Ìyẹn ni pé owó tí ẹ fi ń ra dátà báyìí, apá kan rẹ̀ lẹ fi ń gbé àwọn tí ẹ ò pè wọlé.

Ní kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn, wọ́n kọ́ wa pé ìpolówó ọjà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Obìnrin tó ń polówó ọjà rẹ̀ ní ọjà Bódìjà, ẹ ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ ń rí i, òun náà ń rí yín. Àwọn ti Dùgbẹ̀ tiẹ̀ lè fà yín lápá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti wọ mọ́tò, ó parí. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í parí. Ó máa ń fi ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kúkì sínú búráúsà yín, kó lè dá yín mọ̀ tí ẹ bá dé ìkànnì mìíràn. Ìdí nìyẹn tí bàtà tí ẹ wò lẹ́ẹ̀kan fi ń tẹ̀ lé yín kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń polówó ń rí yín, ẹ̀yin ò rí i.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Adènà ìpolówó kò ní ọgbọ́n orí kankan. Òfin ló ń tẹ̀ lé. Àwọn èèyàn kan ló jókòó tí wọ́n ń kọ àkójọ òfin, èyí tó lókìkí jù nínú wọn sì ni EasyList. Rick Petnel ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó kú ní 2009, àwọn mìíràn gbà á ṣe, wọ́n sì ń ṣe é di òní. Ọ̀rọ̀ lásán tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kà ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà. Ìlà kan lè rí báyìí: ||ads.example.com^. Ohun tó ń sọ ni pé ohunkóhun tó bá ń bọ̀ láti ilé tó ń jẹ́ orúkọ yìí, ẹ dá a padà. Òmíràn lè rí báyìí: ##.banner. Ìyẹn ò dá ẹnikẹ́ni padà. Ohun tó bá ní àmì yẹn lára nínú ojúewé ló ń bò mọ́lẹ̀ kí ojú má rí i. Tí ẹ bá rí @@ níwájú òfin kan, "àyàfi" ni: bí òfin mìíràn tilẹ̀ ní ká dá a dúró, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì wa yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Òfin gbogbogbòò wà, òfin àrà ọ̀tọ̀ wà, òfin àrà ọ̀tọ̀ ló sì ń borí. Pāṇini ti fi irú èyí ṣe gírámà èdè Sanskrit láìmọ̀ pé ẹnì kan yóò fi lé ìpolówó àgbo ìwọ̀nra lọ lọ́jọ́ kan. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mi ò ti bẹ̀rù àwọn àkójọ náà mọ́. Mo ti kọ òfin mẹ́rin fúnra mi.

Tí ó bá jẹ́ pé àkójọ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹni tó ń sanwó fún wọn ni.

Nígbà tí ẹ bá ń fi adènà kan sínú Chrome tàbí Firefox, ó máa ń béèrè àyè láti ka gbogbo ohun tí ẹ bá ń ṣe lórí gbogbo ìkànnì, àti láti yí i padà. Ẹ máa tẹ "Add" láìkà á. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣàṣejù. Mẹ́gáàdì tí kò bá lè wo ojú ẹni tó ń wọlé kò lè ṣọ́ géètì. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Bódìjà mọ̀ pé mẹ́gáàdì ló mọ ìgbà tí ẹ jáde, ìgbà tí ẹ wọlé, àti ẹni tó wá kí yín lálẹ́. Ẹ kì í gba ẹni tí ẹ ò mọ ẹni tó mú un wá.

Èyí tó kọ́kọ́ jẹ́ Adblock, Henrik Aasted Sørensen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ló ṣe é ní 2002. Ní 2006 ni Wladimir Palant ṣe Adblock Plus, tó wá di ti ilé-iṣẹ́ Eyeo ní Jámánì ní 2011. Lọ́dún kan náà ni wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Acceptable Ads: ìpolówó tí kò bá pariwo, tí kò sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, wọn yóò jẹ́ kó kọjá. Àwọn kékeré kì í san nǹkan kan. Àwọn ńlá, tí ètò náà bá mú kí wíwò ìpolówó wọn fi mílíọ̀nù 10 lé sí i lóṣù, máa ń san ìdá 30 nínú 100 owó tó bá ti ibẹ̀ wá. Ìyẹn ni pé ẹ gba mẹ́gáàdì, àwọn àlejò olówó sì ń fún un ní nǹkan lẹ́yìn géètì. Wọ́n ò fi pamọ́, ẹ sì lè pa á nínú ètò rẹ̀ tí ẹ bá mọ ibi tó wà. Mi ò ní pè wọ́n ní olè. Mo kàn fẹ́ kí mẹ́gáàdì ilé wa máa jíhìn fún ilé wa nìkan. AdBlock, tí wọ́n máa ń ṣì mú fún Adblock Plus, ti di ti Eyeo náà ní 2021.

Èyí tó tún ta mí jí ni Nano Adblocker. Ọwọ́ ẹnì kan ló wà, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ní 2020 ó tà á fún àwọn ẹlòmíràn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n tú kóòdù rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó ti ń fi ìròyìn nípa àwọn tó ń lò ó ránṣẹ́ síta, àwọn kan sì rí i pé Instagram wọn ti ń tẹ "like" fún àwòrán tí wọn ò rí rí. Ó ti wọ orí kọ̀ǹpútà tó lé ní 300,000. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tẹ ohun tí kò yẹ. Inú oorun ni wọ́n wà tí wọ́n fi ta mẹ́gáàdì wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2018, ilé-iṣẹ́ AdGuard tú àṣírí adènà èké márùn-ún tó wà nínú ọjà Chrome fúnra rẹ̀. Àwọn tó ti fi wọ́n sórí ẹ̀rọ lé ní mílíọ̀nù 20.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn yóò gbé ọkọ́ fún ẹni tó ń wá ọkọ̀. uBlock àti uBlock Origin rí bẹ́ẹ̀. Raymond Hill, ará Kánádà, ló ṣe uBlock ní 2014. Ní 2015 ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó rí i pé ọ̀nà wọn ti yà, ó sì ń ṣe tirẹ̀ lọ lábẹ́ orúkọ uBlock Origin. Orúkọ kúkúrú yẹn di ti AdBlock ní 2018, ó sì wọ ètò Acceptable Ads ní 2019. Raymond Hill ní tirẹ̀ kì í gba owó ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ta kóòdù rẹ̀ sí gbangba, kò sì ní géètì ẹ̀yìn fún olówó. Òun ni mo mú. Tí ẹ bá ń wá a, ẹ wo orúkọ ẹni tó ṣe é kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Búráúsà wo la wá fi sí? Ọ̀rọ̀ Chrome gba àlàyé díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tó bá fẹ́ wọlé ni búráúsà máa ń kọ́kọ́ bi adènà léèrè: "Ṣé kí eléyìí wọlé?" Google ti yí òfin náà padà, wọ́n pè é ní Manifest V3. Ní báyìí, adènà máa kọ orúkọ àwọn tí kò gbà sílẹ̀, á fún Chrome, Chrome fúnra rẹ̀ ni yóò wá dúró sẹ́nu géètì. Ní 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà àtijọ́. Nígbà tó fi di àárín 2025, uBlock Origin kò lè ṣiṣẹ́ nínú Chrome mọ́. Google ní ààbò ló fà á, pé kò yẹ kí ohun tí a so mọ́ búráúsà máa wo gbogbo ohun tó ń kọjá. Lẹ́yìn ohun tí mo sọ nípa Nano, mi ò lè ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun láti ara ìpolówó kọ́ ló yẹ kó máa sọ iye tí mẹ́gáàdì mi lè dá dúró.

Tí ẹ ò bá lè fi Chrome sílẹ̀, ẹ fi uBlock Origin Lite sí i. Raymond Hill kan náà ló ṣe é. Agbára rẹ̀ kéré díẹ̀, ó sì ju àìní lọ fíìfíì. Brave ní adènà tirẹ̀ nínú láti ilé, kò sí ohun tí ẹ máa fi kún un. Òun ni mo fi sí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kan tí kò fẹ́ gbọ́ àlàyé. Brave náà ń ta ìpolówó tirẹ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Opera ní tirẹ̀ láti 2016, ẹ̀yin lẹ máa lọ tan án nínú ètò rẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Pi-hole kalẹ̀ láti máa ṣọ́ gbogbo ilé, àmọ́ níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé yóò máa bá a lọ, yóò máa bá a bọ̀.

Firefox ni mo fi sí ti ilé wa, torí pé uBlock Origin fúnra rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni, ó ti dàgbà. Bí ìpolówó ṣe kúrò, fáànù rẹ̀ tó máa ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta rọlẹ̀. Mi ò fi adènà méjì sí i. Àwọn kan rò pé méjì sàn ju ọ̀kan lọ, wọn yóò kàn máa dí ara wọn lọ́wọ́ ni.

Kò lè ṣe gbogbo nǹkan. Kò lè dá oníjìbìtì tó bá pe fóònù bàbá mi dúró, kò mọ ohun tó ń lọ lórí WhatsApp, ìpolówó tó wà nínú áàpù fóònù kò sì kàn án. Ṣùgbọ́n ìpolówó èké tó máa ń wà lókè èsì ìwákiri, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni báńkì yín, ó ń yọ ọ́ kúrò. Ní oṣù kejìlá 2022, FBI ti Amẹ́ríkà fúnra wọn gba àwọn aráàlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo adènà ìpolówó nítorí irú èyí. Nígbà míì ó máa ń ṣàṣejù: ìkànnì tí àbúrò mi fẹ́ fi forúkọ sílẹ̀ kọ̀ láti ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ tẹ ààmì rẹ̀ lókè, ẹ tẹ bọ́tìnnì ńlá tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì tún ojúewé náà ṣí. Orí ìkànnì yẹn nìkan ni yóò ti kúrò.

Mo kọ́ bàbá mi ní bọ́tìnnì yẹn. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń ka Tribune, ìwé ìròyìn tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ níbí ní Ìbàdàn ní 1949. Nígbà tí wọ́n ṣí i lórí Firefox tuntun, wọ́n rí i pé ó mọ́ roro. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Àwọn ìpolówó dà?"

Mo ní mo ti lé wọn lọ.

"Kí ni wọ́n máa fi san owó oṣù àwọn tó ń kọ ọ́?"

Mo ní Bàámi, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ nílẹ̀ Jámánì ti dá a ní 2018 pé lílo adènà kò lòdì sí òfin. Olówó ìwé ìròyìn ńlá kan, Axel Springer, ló pe Eyeo lẹ́jọ́, tó sì pàdánù. Wọ́n ní àwọn ò béèrè òfin lọ́wọ́ mi. Nígbà tí àwọn ń ra ìwé ìròyìn lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ ní Ring Road, ìpolówó kún inú rẹ̀, ìyẹn ò sì sọ pé kí àwọn pe nọ́ńbà kankan.

Mi ò rí èsì fọ̀. Lóòótọ́, ìwé ìròyìn tó ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò pọ̀, a sì wà lára àwọn tó ń kó gbólóhùn jọ láti inú wọn fún iṣẹ́ ìwádìí. Tí wọ́n bá kógbá sílé, inú wa kọ́ ló máa dùn. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé géètì á máa wà ní títì, a ó sì ṣí i fún àwọn tí a bá mọ̀, tí a kò fẹ́ kó parẹ́. Márùn-ún ni wọ́n báyìí. Ìpolówó wọn ń wọlé, wọ́n ń jẹ dátà wa, bàbá mi ló sì ń ra dátà náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún pè mí. Ìkànnì kan tó ń kọ nípa bọ́ọ̀lù 3SC ní kí wọ́n jọ̀ọ́ pa adènà wọn, wọ́n sì ń bi mí bóyá kí àwọn fi ṣe ẹlẹ́kẹfà. Mo bi wọ́n bóyá bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kankan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Download" sí. Wọ́n ní kí n dúró ná, àwọn ń wò ó.